Ìwé Ìtàn Àròsọ Àwọn Ọdún 1970: Ibo Ni Ìgbà Náà Wà Nínú Wọn?

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní lítíréṣọ̀ ló kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti ń ka àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1970 sí 1979, ó sì ti ka díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa àkókò náà. Ohun tó sọ nìyí: “Àwọn ìwé Yorùbá ìgbà yẹn dùn, àmọ́ mi ò rí ìgbà yẹn nínú wọn. Kò sí ìjọba ológun níbẹ̀, kò sí ogun abẹ́lé, kò sí owó epo. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n ń sọ ṣáá. Àwọn tó wá kọ̀wé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ló jẹ́ kí n mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ṣé bó ṣe rí gan-an ni mo rí i yìí? Èwo sì ni kí n kó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi?”

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtara lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tó bá ń ka ìwé tó sì ń ṣàkíyèsí ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ń kàwé dáadáa, nítorí náà mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé Yorùbá tó jáde lásìkò yẹn tán kó má bá orúkọ Gowon tàbí Murtala, àwọn olórí ìjọba ológun, pàdé rárá. Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni ibi tí ẹ ti ní ìgbà náà kò sí nínú wọn. Ó wà níbẹ̀, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó ń ba àwọn ènìyàn inú ìtàn lẹ́rù, ohun tí wọ́n ń fi owó wọn rà, ẹni tí wọ́n ń sá tọ̀ nígbà tí wàhálà bá dé: ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá a.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ogun Biafra parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Náírà gba ipò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ọdún yẹn náà ni ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Owó epo ya wọlé. Owó Udoji tẹ̀ lé e, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kúnwó tòun ti àwọn oṣù tó ti kọjá lọ. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì pọ̀ lójú omi Èkó débi pé wọn ò rí ibi já ẹrù sí. Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n pa Murtala ní oṣù kejì ọdún 1976, Festac, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, wáyé ní 1977, àwọn ológun sì gbé ìjọba fún Ṣàgàrí ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Àwa tí à ń wẹ̀yìn wò, báyìí la ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ náà jọ. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò tò ó bẹ́ẹ̀. Owó ilé tó fẹ́ san ló wà lọ́kàn rẹ̀, àti ọmọ tó fẹ́ wọ iléèwé, àti bóyá òun á gúnlẹ̀ láyọ̀ bóun bá wọkọ̀ alẹ́. Inú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ olè tí ẹ kà sí ẹ̀bi fún wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá dúró lé lórí, torí èmi gbà pé inú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni àwọn ọdún 1970 ti sọ̀rọ̀ jù lọ ní èdè Yorùbá. Ogun parí, ìbọn kò parí. Àwọn adigunjalè gba ojú ọ̀nà àti àdúgbò kan débi pé ní ọdún 1970 náà ni ìjọba ológun ṣe òfin pé kí wọ́n máa yìnbọn pa ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ìdigunjalè. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló ń lọ wòran ní Bar Beach l'Ékòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Ọdún 1971 yẹn gan-an ni Àgbàlagbà Akàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ jáde, òun náà ni Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ti Kọ́lá Akínlàdé jáde. Òkédìjí ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, torí pé Àjà Ló Lẹrù ti wà nílẹ̀ láti 1969, nígbà tí ogun ṣì ń lọ. Akínlàdé kò sì dáwọ́ dúró. Owó Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1976. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ bá gbájú mọ́ ẹ̀rù kan náà láàárín ọdún díẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń rà á, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ohun tí kò jẹ́ kí ìlú sùn ni wọ́n ń kọ.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì. Lápàdé tí Òkédìjí dá sílẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì ti fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wá ọ̀daràn. Ó ń jà, ó ń fi ọkọ̀ lé wọn, kì í dúró kí ẹnikẹ́ni fún un láṣẹ, ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú àwọn ọlọ́pàá kò sì tó nǹkan. Akin Olúṣinà, ọmọ Akínlàdé, yàtọ̀ sí i pátápátá. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó ń fi sùúrù béèrè ọ̀rọ̀, ó ń fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan wé ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, òun àti ọlọ́pàá a sì máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ìbéèrè kan náà làwọn méjèèjì ń dáhùn: bí olè bá ká wa mọ́lé, ta ni yóò gbà wá? Ìdáhùn Òkédìjí ni pé ẹni tó bá láyà ni, torí ìjọba kò sí nílé. Ìdáhùn Akínlàdé ni pé ẹni tó bá ní làákàyè ni, bí òfin bá sì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú lò, òfin ṣì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó, láìdárúkọ ológun kan ṣoṣo. Ìjọba ń yìnbọn pa olè létí òkun, àwọn òǹkọ̀wé méjì sì ń bá ara wọn jiyàn lójú ìwé bóyá ìlú lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ ìjọba.

Tí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan nínú wọn, Òkédìjí ni mo máa yàn, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni màá tìtorí ẹ̀ yàn án. Ẹ mú ojú ìwé èyíkéyìí tí Lápàdé àti Tàfá Ìgírípá bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ kà á sókè, kí ẹ má kà á sínú. Ọ̀kan á ju òwe, èkejì á gbà á, á yí i po, á fi bú ẹni tó sọ ọ́, ẹni yẹn á rẹ́rìn-ín, á tún wá òmíràn. Wọ́n ń jà, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń gbèrò lórí ọ̀ràn tó lè gbẹ̀mí wọn, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ohùn Ìbàdàn nìyẹn, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà tí ìwé náà jáde. Kò sí ìwádìí tí ẹni tó ń kọ̀wé ní ọdún 2020 lè ṣe tó máa gbé ohùn yẹn jáde láìkù síbì kan. Ó lè rí fọ́tò, ó lè rí ìwé ìròyìn, ó lè bá àgbà sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ mọra ṣe ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní 1971, inú irú ìwé yìí nìkan ló kù sí. Tíṣà, ìgbà tí ẹ ń wá ti wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ẹ tún béèrè ìdí tí àwọn ológun kò fi sí níbẹ̀. Ìdí pọ̀. Èyí tí mo gbà pé ó tóbi jù ni ẹni tó ń ra ìwé. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé bíi Longman, Macmillan àti Oxford ló ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé Yorùbá ìgbà náà, iléèwé sì ni ọjà wọn. Ìwé tí wọn ò bá lè kó wọ kíláàsì, tí kò lè dé inú ìdánwò, ta ni yóò rà á? Òǹkọ̀wé mọ èyí, alátúnṣe ìwé mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀gá iléèwé kan dá ìwé padà torí pé ó bú ìjọba tó wà lórí oyè. Òfin ológun ń jáde lọ́tùn-ún lósì nígbà náà. Ohun tí ìyẹn fà ni pé ọ̀rọ̀ ìjọba gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ jáde ní 1969, ayé àtijọ́ ló sì bá lọ, ó ń sọ ìtàn àwọn ará Òkè Ògùn tí wọ́n wà lábẹ́ àjàgà, àti àwọn tó dìde pé àwọn kò sìn mọ́. Ọdún 1969 yẹn kan náà ni àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ń bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jà lórí owó orí. Mi ò sọ pé torí wọn ni Fálétí ṣe kọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ra ìwé náà lọ́dún yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àjàgà fún un. Bákan náà, eré onítàn ru ẹrù tí ìtàn àròsọ kò rù: nínú Rẹ́rẹ́ Rún, tó jáde ní 1973, Òkédìjí yìí kan náà gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti olórí ẹgbẹ́ wọn, Láwúwo, ka iwájú wa ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló kàn. Mo mọ̀ pé Ó Le Kú ti Akinwùnmí Ìṣọ̀lá lẹ ní lọ́kàn. Ìwé náà jáde ní 1974. Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wá. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó sì di rannto. Ẹni tó bá kà á lónìí lè sọ pé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ rántí pé ní 1970 yunifásítì tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju mẹ́fà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ jáde níbẹ̀ ti ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é kó tó ṣe ìdánwò àṣekágbá, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Ìdí tí ìyá Àjàní fi ń kánjú nìyẹn, ìdí tí ìlẹ̀kùn fi ń ṣí fún Àjàní lápá ibi gbogbo nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ wá di èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ yọ ipò tí ọmọ yunifásítì wà láwùjọ kúrò, ìtàn náà kò dúró mọ́. Ìṣọ̀lá kò ṣàlàyé èyí fún wa, torí kò sí ẹni tó kà á ní 1974 tí kò mọ̀ ọ́n. Àlàyé tí òǹkọ̀wé kò ṣe yìí gan-an ni iṣẹ́ yín nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1974 yìí kan náà, Second-Class Citizen ti Buchi Emecheta, obìnrin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Adah, ọmọbìnrin Ìgbò tó dàgbà l'Ékòó, fi agídí kàwé, ó ríṣẹ́, ó fẹ́ Francis, ó tẹ̀ lé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé nígbà tí ọkọ ń kàwé tí kò sì yege. Adah kọ ìwé kan, ìwé àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀. Francis sun ún. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Ojú Adah ni a fi wo ìgbéyàwó, kì í ṣe ojú ọkùnrin tó ń yan ìyàwó. Gbogbo àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí mo ti dárúkọ títí di ìsinsìnyí, ọkùnrin ni wọ́n. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ọ̀rọ̀ Àjàní ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń rò nígbà tí Àjàní kò sí níbẹ̀ ṣòro fún wa láti mọ̀. Ibí yìí ni mo rò pé àbùkù gidi àwọn ìwé Yorùbá ìgbà náà wà, Tíṣà, ó sì wúwo lọ́kàn mi ju ti ológun tí ẹ kò rí lọ. Tí ẹnì kan bá ka Ó Le Kú àti ìwé Emecheta ní ọ̀sẹ̀ kan náà, yóò rí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọdún 1974 látọ̀tún-un látòsì. Ọ̀kan nínú wọn nìkan kò tó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé Emecheta yẹn, ọdún 1960 sókè ló ti ṣẹlẹ̀. The Joys of Motherhood tó kọ jáde ní 1979 tún lọ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, sí Èkó ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ìwé tó jáde ní àwọn ọdún 1970 àti ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún 1970, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nínú lẹ́tà yín ẹ ń lọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ nígbà míì.

Ogun àti owó epo tí ẹ ní ẹ ò rí, àwọn òǹkọ̀wé tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò fi wọ́n sílẹ̀. The Last Duty ti Isidore Okpewho (1976) kò lọ sójú ogun rárá. Ó dúró sí ìlú kékeré kan tó pè ní Urukpe, níbi tí ọkùnrin kan ti parọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé ó ń ran ọ̀tá lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti ẹni ẹlẹ́ni mọ́lé. Oníkálukú ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, títí kan ọmọdékùnrin tí wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́lé, tí kò sì lóye ohun tó ń rí. Nínú gbogbo ìwé ogun tí mo ti kà, díẹ̀ ló jẹ́ kí n rí bí ogun ṣe ń fún ẹni tó ní ìlara láǹfààní bíi ti ìwé yìí.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, Violence ti Festus Iyayi (1979) ni kí ẹ kà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Idemudia àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ òòjọ́ ní Bìní, ebi ń pa wọ́n. Queen, obìnrin olówó, ní sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ kí wọ́n já. Kí àpò kan tó kúrò nílẹ̀, ó ti ná owó iṣẹ́ wọn wálẹ̀, wọ́n sì gbà, torí ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ kò lè jókòó nájà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń gbé àpò náà sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ara wọn fi kọ̀. Ẹ rántí sìmẹ́ǹtì tó dí ojú omi Èkó pa ní 1975. Nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ìwà àìbìkítà ìjọba ni sìmẹ́ǹtì yẹn. Nínú ìwé Iyayi, sìmẹ́ǹtì ní ìwọ̀n, ẹ̀yìn ènìyàn ló sì wà. Owó epo tí ẹ ń wá nìyẹn, ó wà lọ́wọ́ Queen, kò dé ọwọ́ Idemudia.

Season of Anomy ti Wọlé Ṣóyínká (1973) wà nínú àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ ìpànìyàn àti agbára lé orí tábìlì, àmọ́ ó le fún ọmọ girama. Ẹ ka á fún ara yín. Ọ̀wọ́ Pacesetters tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ ní 1977 kò jinlẹ̀ tó àwọn wọ̀nyí, síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ fojú rénà rẹ̀; ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló tibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé parí.

Ó wá ku àwọn tó wẹ̀yìn wò. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì bá yín jiyàn pé wọ́n ń lani lóye. Everything Good Will Come ti Sefi Atta (2005) bẹ̀rẹ̀ ní 1971 nígbà tí Enitan jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó sì mú un dàgbà gba inú ìjọba ológun kan bọ́ sí òmíràn. The Bead Collector tí òun náà kọ (2019) jókòó sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣe àríyá, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bá àlejò ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Àwa tí à ń kà á mọ̀ pé ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ń bọ̀, pé wọ́n á pa Murtala. Àwọn kò mọ̀. Àyà wa ń já fún wọn lórí ohun tí wọn kò tilẹ̀ rò. Ìgbádùn ńlá ni ìyẹn, ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn nìkan ló sì lè fún wa. Ohun tó ń gbà padà lọ́wọ́ wa ni àìmọ̀ tó jẹ́ ti ẹni tó ń gbé inú àkókò náà. Lápàdé kò mọ̀ pé inú àwọn ọdún 1970 ni òun ń gbé. Ẹni inú ìwé tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tó wẹ̀yìn wò fi gbọ́dọ̀ fi nǹkan ìgbà náà hàn wá kedere. Ẹ wo Ó Le Kú nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìró tó mọ ní orúnkún pẹ̀lú bùbá tí àwọn òṣèrébìnrin wọ̀ nínú rẹ̀ gba ìlú kan, gbogbo obìnrin ló ń rán an, wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní Olékù títí dòní. Fíìmù ní láti fi aṣọ hàn wá torí a ti gbàgbé. Ẹni tó ra ìwé náà ní 1974, aṣọ yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí a ṣe ń dán ìwé tó wẹ̀yìn wò wò, ẹ kọ́ wọn ní àwọn nǹkan kéékèèké. Bí ẹnìkan bá fi náírà ra nǹkan ní 1971, òǹkọ̀wé náà ti ṣìnà, pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ń ná. Kò sí àgùnbánirọ̀ ṣáájú 1973. Kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Oǹdó ṣáájú oṣù kejì ọdún 1976. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò dé àfi 1991. Ẹni tó ń kàwé ní Ifẹ̀ nígbà náà, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ń lọ, torí 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Àwọn ọmọ fẹ́ràn irú ọdẹ yìí gan-an, wọ́n á sì kọ́ ìtàn ilẹ̀ wa láìmọ̀ pé ẹ ń kọ́ wọn.

Èyí tí ẹ máa kó fún wọn wàyí. Ẹ fi Àgbàlagbà Akàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ara wọn sí méjì, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ Lápàdé àti Tàfá sókè bí eré, kí ẹ tó béèrè ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé Akínlàdé kan lé e, èyíkéyìí tí ọwọ́ yín bá tó, kí ẹ wá bi wọ́n léèrè ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ènìyàn inú ìwé méjèèjì kọ́kọ́ sá lọ nígbà tí ewu dé, àti ìdí. Ìbéèrè kan yìí á gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó Le Kú wà fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹ ka orí tí Francis ti sun ìwé Adah pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí àwọn ọkùnrin tó fèsì. Violence ní ohun tí kò yẹ ọmọdé, nípa bí Adisa, ìyàwó Idemudia, ṣe fi ara rẹ̀ wá owó ilé ìwòsàn fún ọkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún àṣekágbá wọn, tàbí kí ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń já sìmẹ́ǹtì nìkan fún àwọn tó kéré. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ìwé Yorùbá wọ̀nyí rà, ẹ máa bá “aiye”, “enia”, “okonrin” àti “obirin” pàdé nínú àwọn tó jáde kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe sí àkọtọ́ ní 1974. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn, kí wọ́n má baà fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ fún àwọn ní ìwé tó kún fún àṣìṣe.